Bí ẹ ṣe lè wádìí okùn ìbáṣepọ̀ tó ń darí ìwà èèyàn

Òwe méjì kan wà tí a máa ń pa lórí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́. Ọ̀kan ní àgùntàn tó bá bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Ìkejì ní ìwà jọ ìwà ní í jẹ́ ọ̀rẹ́ jọ ọ̀rẹ́. A máa ń pa wọ́n pọ̀ bí ẹni pé ohun kan náà ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn jìnnà síra. Ti àkọ́kọ́ ní ọ̀rẹ́ ló yí èèyàn padà. Ti ìkejì ní èèyàn ti rí bẹ́ẹ̀ kó tó yan ẹni tí yóò bá rìn. Bí ẹ bá wá rí ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jọ ń fa sìgá, èwo nínú òwe méjèèjì ló ṣẹ? Ìbéèrè yìí ló ń da àwọn onímọ̀ láàmú títí dòní, òun náà ni yóò sì pinnu bóyá ìwádìí yín yóò fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ fi irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, fún olùkọ́, àti fún ẹnikẹ́ni tó ń darí àwùjọ kan tó sì fẹ́ mọ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ àti ìwà ń gbà rìn láàárín wọn. Ìwé, bírò àti sùúrù ló gbà. Kọ̀ǹpútà lè tẹ̀ lé e.

Kí là ń pè ní okùn ìbáṣepọ̀?

Bí a bá dárúkọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, Facebook àti WhatsApp ló máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn. Ẹ̀ka kan péré nìyẹn. Gbogbo ohun tó so ẹnì kan mọ́ ẹlòmíràn ni okùn ìbáṣepọ̀: ẹni tí à ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀, ẹni tí à ń yá lówó, ẹni tí a jọ ń jókòó, títí kan ẹni tí a kò fẹ́ fojú kàn.

Iṣẹ́ náà ti wà tipẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó wọ ilé ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 1932, ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń kó àwọn ọmọbìnrin sí ní Hudson, ní ìpínlẹ̀ New York, ọmọbìnrin 14 sá lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Jacob Moreno, dókítà ọpọlọ, àti Helen Jennings tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ bi àwọn ọmọ náà léèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ máa bá gbé. Wọ́n fi àmì róbótó dúró fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fa ìlà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó dárúkọ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n dárúkọ. Moreno ní ibi tí ọmọ kan wà láàárín àwọn ìlà wọ̀nyẹn ló ṣàlàyé sísá náà ju ìwà ọmọ fúnra rẹ̀ lọ. Àmì róbótó àti ìlà yẹn la ṣì ń yà títí dòní.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mú ìwà kan ṣoṣo

"Bí ọ̀rẹ́ ṣe ń nípa lórí èèyàn" gbòòrò jù, kò ṣe é wádìí. Ẹ mú ìwà kan tí a lè fojú rí tàbí tí a lè kà: ọjọ́ tí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í lo ohun èlò tuntun, iye ìgbà tó wá sí kíláàsì, oṣù tó jáwọ́ nínú sìgá.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù láti fi kọ́ni lórí èyí ni ti Bryce Ryan àti Neal Gross, tó jáde ní 1943. Wọ́n lọ bá àgbẹ̀ 259 ní àwùjọ méjì ní ìpínlẹ̀ Iowa, ní Amẹ́ríkà, nípa irúgbìn àgbàdo tuntun kan tí àwọn onímọ̀ mú jáde nípa dída irú oríṣiríṣi pọ̀. Wọn ò fi mọ sórí ìbéèrè kan ṣoṣo. Wọ́n bi ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ọdún tó kọ́kọ́ gbìn ín, ibi tó ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀, àti ohun tó jẹ́ kó gbà. Ìdáhùn yapa síra. Ẹnu àwọn tó ń ta irúgbìn ni ọ̀pọ̀ ti kọ́kọ́ gbọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó kan pé kí wọ́n gbà á lóòótọ́, aládùúgbò tó ti gbìn ín ló ń fọkàn wọn balẹ̀. Gbígbọ́ lọ́tọ̀, gbígbà lọ́tọ̀. Ká ní ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi ni, méjèèjì ì bá ti dàpọ̀ mọ́ra. Ẹ̀yin náà, ẹ ya ìbéèrè méjèèjì sọ́tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ pa ààlà

Ta ló wà nínú ìwádìí, ta ni kò sí níbẹ̀? Kíláàsì kan tó, ọ́fíìsì kan tó. Ẹ má jẹ́ kí iye ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọ̀ yín lójú. Nígbà tí Wayne Zachary tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1977, ẹgbẹ́ karate kan ní yunifásítì ló fi ṣe é: èèyàn 34, ìlà 78. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín olùkọ́ wọn àti alága, ẹgbẹ́ sì pín sí méjì. Zachary wo àwọn ìlà náà, ó fi wọ́n ṣírò apá tí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò tẹ̀ sí, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ṣì. Títí dòní, èèyàn 34 yẹn làwọn onímọ̀ fi ń dán ọ̀nà ìṣirò tuntun wò.

Fún ẹni tó ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, èèyàn 20 sí 60 ló bójú mu lójú tèmi. Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ fi ṣeré ni pé kí gbogbo wọn dáhùn. Nínú ìwádìí lásán, bí èèyàn márùn-ún nínú àádọ́ta ò bá dáhùn, kò fi bẹ́ẹ̀ burú. Níbí, ẹni tí kò dáhùn kó gbogbo ìlà rẹ̀ lọ, ó sì lè jẹ́ òun gan-an ló so àwùjọ náà pọ̀. Ẹ ó rí i láìpẹ́ nínú àpẹẹrẹ wa.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ìbéèrè tó ń pe orúkọ jáde

Ibí yìí ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù, nítorí náà ẹ má kánjú.

"Ta ni ọ̀rẹ́ rẹ?" rọrùn láti bèèrè, àmọ́ kò wúlò. Lójú ẹnì kan, ẹni tó bá kí i láàárọ̀ ti di ọ̀rẹ́. Lójú ẹlòmíràn, ẹni tó lè fi àṣírí hàn nìkan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ bèèrè ohun tí ọwọ́ ṣe tàbí tí ẹnu sọ, kí ẹ sì fi ọjọ́ sí i: "Láti Mọ́ńdè tó kọjá títí di òní, ta lẹ lọ bá nígbà tí iṣẹ́ kan rú yín lójú?" Gbólóhùn yìí ní ìṣe, ó ní àkókò, ó sì ní ìdí.

Kí ló dé tí àkókò fi gbọ́dọ̀ kúrú? Ìrántí máa ń tan èèyàn. Russell Bernard, Peter Killworth àti Lee Sailer lo ọdún púpọ̀ láti fi ohun tí àwọn èèyàn sọ pé àwọn ṣe wé ohun tí wọ́n ṣe gan-an, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìdajì ohun tí èèyàn ń rántí nípa àwọn tó bá sọ̀rọ̀ ni kò rí bó ṣe sọ ọ́. Wọn ò purọ́. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni ọkàn èèyàn ń tọ́jú, ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí a sì sọ nù.

Ẹ tẹ orúkọ gbogbo àwọn tó wà nínú ààlà yín sórí ìwé kan, kí ẹni tí ẹ ń bi léèrè máa fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ. Bí ẹ bá ní kó máa ronú orúkọ fúnra rẹ̀, yóò gbàgbé. Ẹ má sì sọ pé "ẹ kọ orúkọ mẹ́ta." Ẹni tó bá èèyàn mẹ́sàn-án sọ̀rọ̀ yóò gé mẹ́fà dànù, ẹni tó bá ẹyọ kan sọ̀rọ̀ yóò wá méjì kún un kó má bàa dà bí aláìlẹ́nìkan.

Mo ti fojú ara mi rí bí ibi tí a ti ń bèèrè ṣe lè yí ìdáhùn padà. Nígbà kan, mo pín fọ́ọ̀mù fún àwọn òṣìṣẹ́ kan nínú yàrá kan náà, olórí wọn sì jókòó síwájú. Nígbà tí mo kà á tán, orúkọ olórí yẹn ló pọ̀ jù. Ara mi ò gbà á. Mo padà lọ lọ́sẹ̀ kejì, mo bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ní kọ̀rọ̀. Obìnrin kan tó máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí orúkọ rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan péré ní àkọ́kọ́, ló wá jẹ́ ẹni tí púpọ̀ nínú wọn ń tọ̀ lọ bí iṣẹ́ bá há. Láti ọjọ́ náà, n kì í pín fọ́ọ̀mù ní gbangba mọ́.

Ó ku ohun kan. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè orúkọ, kí ẹ tó bèèrè nípa ìwà. Bí ẹ bá ti kọ́kọ́ mẹ́nu kan sìgá, àwọn tí wọ́n jọ ń fa sìgá ni yóò máa sáré wá sí ẹnì náà lọ́kàn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìyọ̀ǹda àti àṣírí

Ohun kan wà nínú ìwádìí yìí tí kò sí nínú èyí tó kù: ẹni tó kọ̀ láti dáhùn ṣì lè wọ inú rẹ̀, torí pé ẹlòmíràn dárúkọ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ gba àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwádìí ní ilé-ẹ̀kọ́ yín, ẹ ṣàlàyé fún gbogbo àwùjọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sì ní òun ò fẹ́, ẹ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lórí ìwé.

Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2014. Àwọn olùwádìí kan tẹ ìwádìí jáde tí wọ́n fi èèyàn 689,003 ṣe lórí Facebook. Fún ọ̀sẹ̀ kan ní oṣù kìíní ọdún 2012, wọ́n dín ọ̀rọ̀ ayọ̀ kù lójú ìwé àwọn kan, wọ́n dín ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ kù lójú ìwé àwọn mìíràn, láti mọ̀ bóyá ìmọ̀lára ń ràn. Ohun tí wọ́n rí kéré gan-an. Ìbínú tó tẹ̀ lé e pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ẹnikẹ́ni ò tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń dán wò. Ìwé ìròyìn onímọ̀ tó gbé e jáde pàápàá ní láti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é kọ òun lóminú.

Ẹ fi lẹ́tà tàbí nọ́ńbà rọ́pò orúkọ, kí ẹ sì tọ́jú ìwé tó so méjèèjì pọ̀ síbòmíràn. Ẹ má ṣe fi àwòrán han ọ̀gá ibi iṣẹ́. Nínú àwùjọ kékeré, àmì tí ìlà pọ̀ lára rẹ̀ jù ti jẹ́ orúkọ fúnra rẹ̀. Gbogbo wọn yóò mọ ẹni tó jẹ́.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ya á, kí ẹ sì kà á

Ẹ jẹ́ ká mú èèyàn méje: A, B, D, E, F, G àti H. A bi wọ́n pé ta ni wọ́n lọ bá lọ́sẹ̀ yìí nígbà tí iṣẹ́ rú wọn lójú. Ẹni tó ń jẹ́ A dárúkọ D. B dárúkọ D àti E. D dárúkọ E, E náà dárúkọ D. F dárúkọ D àti G. G dárúkọ H, H sì dárúkọ G.

Ẹ ya àtẹ kan sórí ìwé tàbí sínú Excel. Kí ẹni tó ń dárúkọ wà ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹni tí wọ́n dárúkọ wà lókè, kí ẹ kọ 1 síbi tí wọ́n ti pàdé. Ìlà mẹ́sàn-án ló jáde. Èèyàn méje lè dárúkọ ara wọn ní ọ̀nà 42, nítorí náà nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ohun tó ṣeé ṣe ló ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ ya àmì róbótó méje, kí ẹ sì fa ọfà láàárín wọn. Gephi, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ kan, yóò yà á fún yín nígbà tí èèyàn bá di 50, àwọn tó mọ R tàbí Python lò, ìyẹn èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, sì lè fi igraph ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ yà á. Ojú máa ń rí ohun tí nọ́ńbà ò sọ.

Èèyàn mẹ́rin ló dárúkọ D, òun sì ni gbogbo ojú yóò kọ́kọ́ lọ bá. F ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ rẹ̀. Ẹni tó ń ka iye orúkọ nìkan yóò fò ó dá. Ẹ wá fi ìka bo F mọ́lẹ̀ lórí àwòrán yín. G àti H dá wà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí ohunkóhun bá máa ti ọ̀dọ̀ D dé ọ̀dọ̀ H, F nìkan ni afárá. Bí F ò bá sì wá síṣẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ lọ bèèrè ìbéèrè, ẹ ò bá kọ ọ́ sínú ìwé pé àwùjọ méjì tí kò mọ ara wọn lẹ bá níbẹ̀, irọ́ ni ì bá sì jẹ́.

Ọ̀rọ̀ afárá yìí ni Mark Granovetter sọ di olókìkí ní 1973. Ó bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ iṣẹ́ sọ̀rọ̀. Nínú àwọn tó rí iṣẹ́ nípasẹ̀ ojúlùmọ̀, ìdá 16.7 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń rí ẹni náà lemọ́lemọ́, ìdá 55.6 ń rí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìdá 27.8 sì ni kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i rárá. Ohun tí ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ mọ̀, èèyàn fúnra rẹ̀ sábà ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tí a kàn ń kí láti òkèèrè ló ń mú ìròyìn wá láti ibi tí ẹsẹ̀ wa ò dé.

Ohun mìíràn tún wà nínú àwòrán kékeré yìí tó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Ẹ gbàgbé ibi tí ọfà kọjú sí, kí ẹ kàn ka iye èèyàn tí ẹnì kọ̀ọ̀kan so mọ́. D ní mẹ́rin. B, E, F àti G ní méjì méjì. A àti H ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá wo àwọn tí ẹnì kọ̀ọ̀kan so mọ́, kí ẹ ṣírò iye tí àwọn yẹn ní. Èèyàn márùn-ún nínú méje ni ojúlùmọ̀ wọn ní ìlà ju tiwọn lọ. Scott Feld ló ṣàlàyé èyí ní 1991: ẹni tó mọ èèyàn púpọ̀ wà lórí ìwé èèyàn púpọ̀, nítorí náà òun ni a máa ń bá pàdé. Ó wúlò gan-an fún ẹni tí kò lè bi gbogbo èèyàn léèrè. Ní 2009, ní yunifásítì Harvard, Nicholas Christakis àti James Fowler tọpa àrùn flu láàárín akẹ́kọ̀ọ́ 744. Wọ́n ṣa àwọn kan, wọ́n ní kí àwọn yẹn dárúkọ ọ̀rẹ́, wọ́n sì ń ṣọ́ àwùjọ méjèèjì. Àrùn náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n dárúkọ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ṣa.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Èwo nínú òwe méjèèjì?

Ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ méjì tó ń fa sìgá. Bóyá ọ̀kan ló fa èkejì wọ̀ ọ́. Bóyá sìgá ló sọ wọ́n di ọ̀rẹ́. Ìdí kẹta sì wà tí òwe méjèèjì ò mẹ́nu kàn: òjò kan náà lè ti pa àwọn méjèèjì, bóyá iṣẹ́ kan náà tí kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi. Àwòrán ọjọ́ kan ṣoṣo ò lè ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, bó ti wù kó lẹ́wà tó.

Àwọn àgbà onímọ̀ pàápàá ti kọsẹ̀ níbí. Ní 2007, Christakis àti Fowler lo àkọsílẹ̀ èèyàn 12,067 láti inú ìwádìí ìlera ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti ìlú Framingham, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, láti 1971 sí 2003. Wọ́n ní bí ọ̀rẹ́ ẹnì kan bá sanra jọ̀kọ̀tọ̀, ewu pé òun náà yóò sanra fi ìdá 57 nínú ọgọ́rùn-ún lọ sókè. Ìròyìn náà kárí ayé. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ethan Cohen-Cole àti Jason Fletcher lo irú ìṣirò kan náà lórí àwọn ọ̀dọ́, wọ́n sì fi hàn pé ìṣirò náà lè mú kó dà bí ẹni pé ìrorẹ́, ẹ̀fọ́rí, àti gíga ara pàápàá ń ràn láti ara ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́. Kò sẹ́ni tó ń kó gíga lára ọ̀rẹ́. Èyí ò túmọ̀ sí pé ìwà kì í ràn. Ó túmọ̀ sí pé irinṣẹ́ tó bá ń rí ẹ̀fúùfù níbi tí kò sí, a gbọ́dọ̀ fura sí i níbi gbogbo.

Kí lẹ wá lè ṣe? Ẹ padà lọ. Ìgbà méjì ló kéré jù, kí oṣù díẹ̀ sì wà láàárín wọn. Ẹ lo ìwé ìbéèrè kan náà láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọjọ́ méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn fún ìlà kọ̀ọ̀kan: ìgbà tí ìlà bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ìwà bẹ̀rẹ̀. Níbi tí ìwà bá ti ṣáájú ìlà, òwe ìkejì ló ṣẹ. Níbi tí ìlà bá ti ṣáájú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti àkọ́kọ́, àmọ́ ẹ ṣì gbọ́dọ̀ bèèrè nípa òjò: ibi ìjókòó, iṣẹ́, ìròyìn tí gbogbo wọn gbọ́ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ tún wo ibi tí ọfà kọjú sí. Nínú àpẹẹrẹ wa, ẹni tó ń jẹ́ A dárúkọ D, D ò dárúkọ A. Bí ìwà bá ń gba ojú ọ̀nà yẹn rìn, A ni yóò máa tẹ̀ lé D. Bó bá jẹ́ pé òjò ló pa wọ́n, méjèèjì ni yóò tutù bákan náà.

Ọ̀nà tó dájú jù ni kí ẹ̀yin fúnra yín ṣẹ́ gègé lórí ẹni tí yóò so mọ́ ta. Ohun tí Damon Centola ṣe nìyẹn ní 2010. Ó da èèyàn 1,528 sí àwùjọ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní apá kan, àwọn tó so mọ́ ẹnì kan tún so mọ́ ara wọn. Ní apá kejì, ó fọ́n ìlà káàkiri. Wọn ò mọ ara wọn rí, nítorí náà kò sẹ́ni tó yan ọ̀rẹ́. Ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún ló gba ìwà ìlera tuntun ní apá tí ìlà ti ṣùpọ̀, ìdá 38 ní apá kejì. Ìròyìn ń yára níbi tí ìlà gùn, ṣùgbọ́n kí èèyàn tó yí ìwà padà, ó sábà fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ju ọ̀kan lọ.

Bí ẹ ò bá lè ṣẹ́ gègé lórí ìlà, ẹ ṣẹ́ ẹ lórí ẹni tí ọ̀rọ̀ yóò kọ́kọ́ kàn. Lọ́jọ́ ìdìbò ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ní 2010, wọ́n fi ìránṣẹ́ ìdìbò hàn lórí Facebook fún èèyàn mílíọ̀nù 61. Àwọn olùwádìí fojú bù ú pé nǹkan bí 60,000 ìbò ló ti ibẹ̀ wá tààrà, nǹkan bí 280,000 sì gba ọwọ́ ọ̀rẹ́ kọjá. Àwọn tí wọ́n rí àwòrán ọ̀rẹ́ wọn tó ti dìbò ni ọ̀rọ̀ náà wọ̀ lára.

Ìgbésẹ̀ keje: Kíkọ rẹ̀ sílẹ̀

Ẹ sọ iye àwọn tí kò dáhùn kí ẹ tó sọ ohunkóhun mìíràn. Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe bi í. Ẹ ṣọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe yín: "ó fà á" yàtọ̀ sí "wọ́n jọ ń ṣe é." Àpẹẹrẹ gbólóhùn tí mo máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìyí, kí ẹ fi nọ́ńbà tiyín rọ́pò tinú rẹ̀: "Nínú èèyàn 41, 38 dáhùn lẹ́ẹ̀mejì. Ìlà 12 jẹ́ tuntun ní ìgbà kejì. Nínú àwọn 9 tó bẹ̀rẹ̀ ìwà náà láàárín, 6 ti so mọ́ ẹni tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀, 3 kò so mọ́ ẹnikẹ́ni tó ń ṣe é. Mẹ́rin nínú àwọn mẹ́fà yẹn ń ṣiṣẹ́ ní yàrá kan náà pẹ̀lú ẹni tí wọ́n so mọ́, a ò sì lè ya yàrá kúrò lára ọ̀rẹ́."

Ẹ ka gbólóhùn yìí fún àwọn tí ẹ bi léèrè, láìfi àwòrán hàn wọ́n, kí ẹ tó fún olùkọ́ yín.